Oògùn Tí Kò Pa Eégbọn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la fín oògùn sí gbogbo màlúù lára. Lónìí, ọjọ́ kẹta péré, mo gbé ìrù Bihogo sókè, eégbọn ni mo bá níbẹ̀, wọ́n yó bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Mo fọwọ́ já mẹ́tàdínlógójì kí n tó jáwọ́ nínú kíkà. Etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

Mo pe Kamuhanda. "Ìdérí mélòó lo dà sí garawa?"

"Iye tí ẹ kà fún mi lára ike rẹ̀ ni, Ìyá Aine. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀."

Lóòótọ́, èmi ni mo kà á fún un, torí kò mọ̀wé. Ọdún kejìdínlógún rẹ̀ rèé nídìí màlúù wa, kò tíì parọ́ fún mi rí. Tàbí kẹ̀, n kò tíì ká a mọ́ ọn rí. Oògùn tó bá kan eégbọn, eégbọn gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ẹnì kan ń fi mí ṣeré.

Òjò kò tíì rọ̀. Koríko orí òkè ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Lítà wàrà kan ti já sí ẹgbẹ̀rin ṣílè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ọmọ tí màlúù mi Siina bí kú láàárọ̀ yìí. Oṣù méjì péré. Kókó abẹ́ etí rẹ̀ wú tó ẹyin adìyẹ, ìfófòó ń jáde nímú rẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ibà eégbọn ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún mi nípa rẹ̀. Kamuhanda gbé orí rẹ̀ lé itan títí tó fi kú. Kò jẹun. Siina ń ké kiri, ó ń wá ọmọ, kò jẹ́ ká fún wàrà òun.

Ó di ọdún mẹ́rin tí Rutaremwa ọkọ mi ti wà nínú ilẹ̀. Nígbà tirẹ̀, a kì í sin ọmọ màlúù nítorí eégbọn. Inú ń bí mi sí i pé ó kú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé mi nìyí, ohun tó bá wù mí ni màá kọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ bá Katungi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní oríta. Àbúrò ọkọ mi ni. Òun ló ń ta oògùn ẹran fún gbogbo àdúgbò, òun náà ni alága ilé wàrà tí gbogbo wa ń gbé wàrà lọ tà fún. Mo gbé ike òfìfo náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọkọ mi, oògùn yín kò pa eégbọn."

"Oògùn mi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ta ló ń pò ó?"

"Kamuhanda ni."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Ike kan ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ṣílè, omi sì pọ̀ lódò. Ẹ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Ẹtì, kẹ́ ẹ lọ wo àwọn darandaran tó ń ta ìdajì oògùn ọ̀gá wọn nínú ìgò ọtí."

"Kamuhanda kì í ṣe irú wọn."

"Irú wọn a máa ní ìwo lórí ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìgò abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ẹ máa gbèjà rẹ̀, kí màlúù ẹ̀gbọ́n mi máa kú."

Màlúù ẹ̀gbọ́n mi! Bíi pé èmi kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún wọn ni. Mo ra ike mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ń wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Kí n tó délé, mo ti gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Gaaju kò dìde láti ìdájí. Ara rẹ̀ gbóná bí àdògán. Mo gún un lábẹ́rẹ́ fúnra mi, bí Rutaremwa ṣe kọ́ mi. Mo sọ fún Kamuhanda pé kó ya wàrà Gaaju sọ́tọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kó má dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Nírọ̀lẹ́, Mayenje náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo gún òun náà. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọ́n da wàrà mi sílẹ̀.

Ahumuza, ọmọbìnrin tó ń yẹ wàrà wò ní ilé wàrà, ló da ọtí tí wọ́n fi ń dán wàrà wò sí i, kò dì. Ó fi ìwọ̀n rẹ̀ sínú rẹ̀, kò rí omi kankan. Ó wá ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi oògùn hàn bọ̀ ọ́, ó dúró, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Aine, oògùn abẹ́rẹ́ wà nínú wàrà yìí. Mi ò lè gbà á."

"Tún un wò."

"Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Lítà mọ́kànléláàádọ́ta. Wọ́n dà á sí gọ́tà lójú mi, lójú gbogbo ẹni tó gbé agolo dúró, ajá mẹ́ta wá ń lá a. Ẹnì kan ṣíjú kúrò. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ.

Mo bá yíjú sí Kamuhanda tó gbé agolo náà wá. "Ṣé o ti gbádùn? O bomi la oògùn mi, o tà á lọ́jà, eégbọn ń pa màlúù mi, o tún wá bà mí lórúkọ jẹ́ lójú ayé! Olè ni ọ́!"

Ó gbé agolo òfìfo náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ìyá Aine, ẹ wo ojú mi, kẹ́ ẹ tún un sọ."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo tún un sọ.

Katungi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń mi orí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Kamuhanda lọ. Ó fún wàrà tán ní àárọ̀, ó fọ garawa, ó so àwọn ọmọ màlúù mọ́lẹ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò kí mi. Mi ò dá a dúró.

Ohun kan wà tí mi ò tíì kọ. Ti Gaaju ni mo sọ fún un. Ti Mayenje, mi ò sọ. Ó ya wàrà Gaaju sọ́tọ̀ bí mo ṣe wí, wàrà Mayenje ló ba agolo jẹ́. Èmi ni. Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ti oògùn eégbọn, òun ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Òjò àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sán, ó pọ̀, ó lágbára, ó gbá ẹrẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Alápatà kan gun alùpùpù wá ṣáájú òjò. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ń yí Gaaju ká níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ níhà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ nígbà tó ṣì ń mí. Tó bá ti kú, kò ní wúlò mọ́."

"Mo gún un lábẹ́rẹ́ lánàá òde yìí."

"Ṣé ẹni tó máa jẹ ẹ́ máa rí ojú abẹ́rẹ́ ni?"

Ọ̀pá tí a fi ń da màlúù ni mo fà yọ. Ó gun alùpùpù rẹ̀ sá nínú òjò. Gaaju kú ní ìrọ̀lẹ́. Èmi àti ọmọ aládùúgbò méjì la gbẹ́ ilẹ̀ náà, a gbẹ́ ẹ títí apá mi fi kọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò lẹ́yìn òjò. Ọjọ́ tí a sin Rutaremwa, òun ló ń ké jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Èmi fúnra mi ni mo fín oògùn lónìí. Mo fi dígí mi sójú. Mo ka ohun tó wà lára ike, mo ka ìdérí sókè kí gbogbo màlúù gbọ́, mo fi garawa wọn omi. Mo kó wọn gba ọ̀nà tóóró onígi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fín etí, abẹ́ ìrù, ọmú, abíyá. Pọ́ọ̀ǹpù ń jo sí mi lẹ́yìn. Ní báyìí, a ó rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá

Eégbọn ń rìn. Wọ́n ń rìn lára Bihogo, lára Siina, lára Kyozi. Ọ̀kan gun ọwọ́ mi.

Kamuhanda kò sí níbí. Èmi ni mo pò ó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Mo padà lọ bá Katungi. Mi ò jókòó.

"Èmi ni mo pò ó, ọkọ mi. Ọwọ́ ara mi."

Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu. "Hẹn, eégbọn ayé òde òní ti le. Gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ rédíò. Ẹ ra aláwọ̀ ewé yìí, òun ló lágbára báyìí."

"Ẹ sọ fún mi pé Kamuhanda ni."

"Mo ní ẹ lọ wò ó. Ṣé èmi ni mo lé e?"

Ìyẹn ló dùn mí jù. Òun kọ́ ló lé e. Mo ra aláwọ̀ ewé náà, òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Mo gbé e mọ́yà lọ sílé bí ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Siina kú ní òwúrọ̀. Kyozi kú ní ọ̀sán. Ọmọ màlúù méjì mìíràn ti kú láàárín ọ̀sẹ̀. Aláwọ̀ ewé náà kò ṣe nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò náà ń sin tiwọn, ẹni tó bá gun orí òkè yóò rí ilẹ̀ tuntun káàkiri. Òjò rọ̀ títí.

Ainembabazi ọmọ mi pè láti Kampala. Ó ní kí n ta gbogbo rẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, pé àga onítìmùtìmù ń dúró dè mí. Mo ní kó gbé àga náà fún ọkọ rẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọn lójú. Mo tún pè é padà lẹ́yìn náà, mo bẹ̀ ẹ́. Èmi náà kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bí mo ti ń gba agolo mi ní ilé wàrà, Ahumuza tẹ̀lé mi dé ìdí igi tí à ń so kẹ̀kẹ́ mọ́.

"Ìyá Aine, níbo lẹ ti ń ra oògùn eégbọn?"

"Ibi tí gbogbo yín ti ń rà á."

Ó wo ẹ̀yìn. "Mà, ní ilé wa, lódìkejì odò, eégbọn kan náà ni, irú oògùn kan náà ni, àmọ́ Mbarara ni bàbá mi ti ń rà á. Màlúù wa ò kú. Ẹ ra ike kan tó ní èdìdì lọ́hùn-ún. Ẹ ká eégbọn sínú ìgò, ẹ fi oògùn méjèèjì dán wọn wò."

"Kí ló dé tí o ò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?"

"Ta ló ń sanwó oṣù mi, mà?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Inú bí mi sí i fún ìgbà tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà mo rántí ìgbà tí èmi sọ̀rọ̀, àti ẹni tí mo sọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Màlúù mi Ngabo kú. Mo ti lọ sí Mbarara, mo ti dé. Ike náà wà lórí tábìlì, èdìdì rẹ̀ kò tíì já. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣílè péré ló fi ju ti Katungi lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo gbé ìgò mẹ́ta lọ sí ilé wàrà ní àárọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn wà lórí ìlà. Mo ní kí ẹni mẹ́ta já eégbọn lára màlúù tiwọn wá, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé tèmi nìkan ló yàtọ̀. Mẹ́wàá nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ahumuza po oògùn náà lójú gbogbo wọn. Ìgò kìn-ín-ní, omi lásán. Ìkejì, oògùn Katungi. Ìkẹta, ti Mbarara. Ó fi èédú kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó tì wọ́n mọ́ yàrá tó ti ń yẹ wàrà wò, ó sì fún bàbá tó dàgbà jù lórí ìlà ní kọ́kọ́rọ́. Katungi kò sí nílé, ó lọ síbi ìgbéyàwó. Wọn yóò ti sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ìbínú má bàa gbé mi sọ àsọdùn.

Katungi ló dé ilé wàrà ṣáájú gbogbo wa, ó wọ kóòtù. Ó ń kí èèyàn, ó ń bi wọ́n léèrè ọmọ. Bàbá náà mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ahumuza gbé ìgò jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí a ń gbé agolo lé.

Nínú omi, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń rìn. Nínú oògùn Katungi, mẹ́sàn-án ń rìn, ọ̀kan kú. Nínú ti Mbarara, gbogbo wọn ti kú, wọ́n ká ẹsẹ̀ jọ, wọ́n rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò bí èso ilá gbígbẹ.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn kí wọ́n lè rí i.

Katungi ní, "Ẹ ti bomi pọ̀ jù nínú tèmi."

Ahumuza ní, "Èmi ni mo pò ó, Alága. Iye kan náà ni."

"Ìwọ? Lọ kó ẹrù ẹ. Iṣẹ́ ẹ tán lónìí."

Obìnrin kan kígbe látẹ̀yìn, "Kò tán! Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n kú fún mi, ọmọ màlúù mẹ́rin! Katungi, kí lo fún wa?"

Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé mi ò gbọ́ tèmi. Katungi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọ̀fun rẹ̀ yọ gbogbo iṣan.

"Ta nínú yín ló lè ra ògidì rẹ̀? Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń sunkún pé kò sówó! Mo bomi là á kó lè kárí gbogbo yín! Mo ràn yín lọ́wọ́ ni!"

Ó gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Mo gbé ike Mbarara sókè níwájú rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣílè ni èyí fi ju tìrẹ lọ. Ìrànlọ́wọ́ rẹ nìyẹn, Katungi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Gaaju kú nítorí rẹ̀. Siina, Kyozi, Ngabo, àti ọmọ màlúù mẹ́ta. Mo lé èèyàn mi nítorí rẹ̀."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò pè é lórúkọ rí, mi ò pè é ní "ìwọ" rí. Ẹnu mi kò kọ́sẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ lù ú, bàbá àgbà yẹn dúró sáàárín. Ọlọ́pàá gbé e lọ lọ́sàn-án. Ahumuza gba wàrà gbogbo wa, ó ń sunkún, ó ń kọ ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n ti dá Katungi sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi nínú mọ́tò rẹ̀, ó wọ kóòtù kan náà. Mo tutọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àwọn àgbà ilé ọkọ mi pè mí. Mo gbé wàrà àti ọbẹ̀ òrí wàrà síwájú wọn, wọ́n jẹun, wọ́n nu ẹnu, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sọ́rọ̀.

"Ìyàwó wa, o jàre, àmọ́ o ti sọ̀rọ̀ jù. Má lọ sí kóòtù. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

"Ẹ̀jẹ̀ wo, bàbá? Èyí tí eégbọn mu?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ronú sí i. Mo ti ronú tán. Orúkọ mi ni yóò wà lókè ìwé ẹ̀sùn náà, àwọn méjìlélógún ti tẹ ìka tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá

Òjò kò jẹ́ kí n fín oògùn Mbarara títí di Ọjọ́bọ̀. Lónìí, eégbọn ń já bọ́ lára wọn fúnra wọn, adìyẹ ń ṣa wọ́n jẹ. Mo fọwọ́ pa Bihogo lára láti etí dé ìrù, ó mọ́. Mo jókòó sórí garawa, mo sunkún bí ọmọdé. Ìbínú ni, kì í ṣe ayọ̀. Ó rọrùn tó báyìí!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wá Kamuhanda. Odò ẹran Mbarara ni mo ti rí i.

Bàtà rọ́bà dé orúnkún rẹ̀. Ẹran kọ́ sókè ní ìlà, ẹ̀jẹ̀ àti omi ń ṣàn ní ilẹ̀, wọ́n ń fi páìpù gbá a lọ sí ihò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mú màlúù láti ọgbà wọlé, kó di okùn mú títí ọ̀bẹ fi dé. Ó ní bó ṣe ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́rùn tí wọn kì í fi í jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á.

"Kamuhanda."

Kò dúró. "Ẹ kúrò lójú omi, ẹ máa yọ̀."

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Oògùn Katungi ni. Ìwọ kọ́."

"Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Kí lẹ wá sọ tí mi ò mọ̀?"

"Padà wá sílé."

Ó dúró wàyí. "Ọgbà màlúù mẹ́fà ni mo dé, Ìyá Aine. Níbi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ti ní, 'Ṣé ìwọ kọ́ ni olè Ìyá Aine?' Ibí nìkan ni wọn ò ti bi mí. Màlúù tó bá dé bí, a kì í béèrè orúkọ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ibi tẹ́ ẹ ti sọ tìṣáájú, ẹ lọ sọ èyí níbẹ̀. Lójú àwọn kan náà. Kẹ́ ẹ fi ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Ẹnì kan kígbe pè é, ó sì lọ mú òmíràn wọlé.

Mo bínú sí i nínú bọ́ọ̀sì. Èmi, àgbàlagbà, mo rin ọ̀nà yìí, mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀! Bọ́ọ̀sì kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìbínú náà fi yí ojú sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ó wá. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó di fìlà rẹ̀ mú.

Mo gun orí pèpéle tí a ń gbé agolo lé. Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án, mo pe Kamuhanda ní olè níbí. Irọ́ ni mo pa. Kò jí nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Wàrà tí ẹ rí tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo gún Mayenje lábẹ́rẹ́ tí mi ò sọ fún un. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì. Mo dákẹ́."

Ẹnì kan ní, "Ìyá Aine, ó tó."

"Kò tó. Ọmọlúàbí ni Kamuhanda. Ẹ lọ sọ ọ́ nílé yín bí ẹ ṣe lọ sọ tìyẹn."

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Kamuhanda ní, "Mo gbọ́."

Lẹ́yìn náà ó bi mí, níbẹ̀, lójú wọn, "Gaaju ńkọ́?"

"Ó kú."

"Siina?"

"Ó kú."

"Kyozi?"

"Ó kú. Ngabo náà."

"Bihogo?"

"Ó wà. Ó lóyún."

Ó fi fìlà rẹ̀ bo ojú. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń lọ sí ibùdókọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kamuhanda wá lónìí tí mi ò ránṣẹ́ pè é. Ó kí mi láti ẹnu ọ̀nà, "Mo wá kí màlúù," ó sì kọjá lọ sí ọgbà. Ó lo gbogbo òwúrọ̀ níbẹ̀. Ó gbé etí wọn wò, ó gbé ìrù wọn wò, ó fi etí sí ikùn Bihogo. Ó fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò ní pátákò Mayenje. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, mi ò sì sún mọ́ ọn.

Mo fi èéfín koríko fín ìkòkò onígi wàrà tó dára jù nílé kí wàrà lè ta sánsán, mo bu wàrà òwúrọ̀ sí i, mo gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nígbà tó fẹ́ máa lọ.

Ó wo wàrà náà. Ó wò mí. Ní gbogbo ayé mi, mi ò tíì rí ẹnì kan nínú ìran wa tó kọ wàrà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e fún un.

"Ìyá Aine," ó ní, "ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn."

Ó lọ. Mo dúró tìkòkò tìkòkò lẹ́nu ọ̀nà títí apá fi ń ro mí. Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo tẹ̀lé e. Mi ò pariwo.

Ọjọ́ mìíràn ló wí. Kò wí pé láéláé.